Ìlú tí Òjò Kì í Rọ̀ ní Sọ́ńdè

Ìwé tí ọ̀gá mi gbé lé mi lọ́wọ́ láàárọ̀ ọjọ́ Mọ́ńdè kan kò ju ojú ewé kan ṣoṣo lọ. Wọ́n kọ orúkọ ìlú méjì sí i, Ọ̀yọ́ àti Ògbómọ̀ṣọ́, wọ́n sì ya àpótí kékeré méjì síwájú ìlú kọ̀ọ̀kan. Wọ́n kọ "Ó ṣeé gbára lé" sí àpótí kìíní, wọ́n kọ "Kò ṣeé gbára lé" sí èkejì. Gbogbo iṣẹ́ tí wọ́n ní kí n ṣe ni pé kí n fa igi sínú ọ̀kan fún ìlú kọ̀ọ̀kan. Ọ̀gá mi ní ọ̀sẹ̀ méjì ti tó. Oṣù márùn-ún gbáko ni mo lò nídìí ẹ̀, nígbà tí mo sì máa fi ṣe tán, mi ò lè fọwọ́ sọ̀yà mọ́ pé mo mọ ohun tí wọ́n ń pè ní gbígbára lé nǹkan.

Ọmọ ọdún mẹ́rìnlélógún ni mí nígbà náà. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ parí iṣẹ́ àgùnbánirọ̀ ni, lásìkò tí SAP, ètò ìjọba tó dín ìnáwó kù, gbòde kan, tí àwọn tó jáde ní yunifásítì ń jókòó sílé lọ́dún dé ọdún. Mo ka ara mi sí olóríire pé mo rí iṣẹ́ sí ọ́fíìsì ìjọba kan ní Ìbàdàn tó ń kó ìròyìn òjò jọ.

Bí iṣẹ́ náà ṣe rí nìyí. Ní ọ̀pọ̀ ìlú, ẹnì kan wà tí ọ́fíìsì wa gbé agolo bàbà kan fún. Wọ́n á rì í mọ́lẹ̀ díẹ̀ ní àgbàlá, níbi tí igi tàbí òrùlé kò ti ṣíji bò ó. Àrọ wà lẹ́nu agolo náà, ìgò sì wà nínú rẹ̀. Bí òjò bá rọ̀, omi á gba inú àrọ bọ́ sínú ìgò. Ní ago mẹ́sàn-án àárọ̀, ẹni náà á da omi inú ìgò sínú gíláàsì kan tó ní ìlà lára, á ka iye ìlà tí omi dé, á kọ ọ́ síwájú ọjọ́ tó ka á, á sì da omi nù. Bí oṣù bá parí, á fi ìwé ránṣẹ́ sí wa. Àwọn tó ń kọ́ afárá, àwọn àgbẹ̀ olóko ńlá, àwọn olùkọ́ yunifásítì, ọ̀dọ̀ wa ni wọ́n ti máa ń wá béèrè àwọn nọ́ńbà wọ̀nyí. Ọ̀kan nínú wọn ló béèrè pé, ta ló mọ̀ bóyá òótọ́ ni.

Mo tẹ́ ìwé ìlú méjèèjì sórí tábìlì, mo gbé wọn sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Ọ̀yọ́ sí Ògbómọ̀ṣọ́ kò jìnnà. Pijó kì í lò tó wákàtí kan àbọ̀. Òjò ńlá tó bá rọ̀ ní ìlú kan sábà máa ń dé èkejì láàárín wákàtí díẹ̀. Ṣùgbọ́n nínú ìwé tó wà níwájú mi, nígbà mìíràn òjò á rọ̀ ní ìlú méjèèjì lọ́jọ́ kan náà, nígbà mìíràn ti Ọ̀yọ́ á ti fi odidi ọjọ́ kan ṣáájú. Mo wá ìdí rẹ̀ títí, mi ò rí i. Ibi tí mo ti ń wá a ni mo ti rí nǹkan mìíràn tó tún rú mi lójú ju ti àkọ́kọ́ lọ. Nínú ìwé Ògbómọ̀ṣọ́, fún odidi ọdún mẹ́ta, òjò kò rọ̀ ní Sọ́ńdè kan ṣoṣo. Òdo ni wọ́n kọ sí gbogbo Sọ́ńdè, ẹ̀ẹ̀rùn àti òjò, títí kan oṣù kẹsàn-án tí ilẹ̀ kì í gbẹ.

Mo gbé e lọ bá ọ̀gá mi. "Sà, ṣé ìlú kan lè wà tí òjò kì í rọ̀ ní Sọ́ńdè?"

Kò tilẹ̀ gbé orí sókè. "Ọ̀kan nínú àwọn méjèèjì ń purọ́," ó ní. "Ó sì lè jẹ́ àwọn méjèèjì. Lọ wo èyí tó ń purọ́."

Ọ̀yọ́ ni mo kọ́kọ́ lọ, nítorí ọmọ ibẹ̀ ni mí. Ìyá mi ń ta ọṣẹ dúdú àti òrí ní Ọjà Akẹ̀sán, ilé wa kò sì jìnnà sí ọjà. Nígbà tí mo sọ fún un pé Alfa kan tó ń wọn òjò fún ìjọba ni mo wá yẹ̀ wò, tí mo sì júwe àdúgbò, ó bú sẹ́rìn-ín.

"Alfa onífìlà? Ẹni tó ní ilé kéú yẹn? Kí lẹ fẹ́ yẹ̀ wò lára ẹ̀? Bí Alfa yẹn bá sọ fún mi pé òjò ń rọ̀, bí ara mi tiẹ̀ gbẹ, mo máa lọ ká aṣọ mi lórí okùn ni."

Ọ̀rọ̀ yẹn kò ràn mí lọ́wọ́. Ọ̀gá mi ti sọ fún mi pé ẹnì kan ń purọ́, ìyá mi sì ń sọ fún mi pé kì í ṣe ẹni yìí. Mo jí ní kùtùkùtù ọjọ́ kejì, ọjọ́ Túsìdeè, mo dé ilé Alfa kí ago mẹ́sàn-án tó lù. Bàbá tó ti lé ní ọgọ́ta ọdún ni, ó tẹ́ẹ́rẹ́, ó ń fi ọwọ́ rán fìlà, àwọn ọmọ kéú sì jókòó yí i ká lórí ẹní. Mo kúnlẹ̀ kí i.

"Ẹ káàárọ̀ sà. Láti ọ́fíìsì òjò ní Ìbàdàn ni mo ti wá."

"Áà, àwọn tó ni agolo! Ẹ káàbọ̀, ọmọ mi. Ó wà lẹ́yìnkùlé, ẹ lọ wò ó."

Mo lọ wò ó. Inú mi dùn sí ohun tí mo rí. Ó fi igi ṣe ọgbà yí agolo náà ká kí ewúrẹ́ má baà dé ibẹ̀, koríko ibẹ̀ wà ní gígé, àrọ náà mọ́ tónítóní. Mo padà síwájú ilé, mo jókòó, mo ń wo aago ọwọ́ mi. Ago mẹ́sàn-án lù. Alfa kò dìde. Ago mẹ́wàá kọjá, fìlà ló ṣì ń rán, ó ń tún kíkà àwọn ọmọ ṣe. Ago mọ́kànlá, kò tilẹ̀ bojú wo ẹ̀yìnkùlé. Mo bi í bóyá ojoojúmọ́ ló ń wọn òjò.

"Ojoojúmọ́," ó ní. "Kò sí ọjọ́ tí mo fò."

Ọkàn mi bàjẹ́. Ẹni tí ó jókòó níwájú mi, tí kò dìde, ló ń sọ fún mi pé ojoojúmọ́ lòun ń ṣe é. Mi ò lè bá àgbàlagbà jiyàn, pàápàá ẹni tí ìyá mi ń bọ̀wọ̀ fún. Mo dágbére, mo lọ sílé, mo kọ ọ́ sínú ìwé kékeré mi pé: kò wọ̀n ọ́n, ó sì ní òun ń wọ̀n ọ́n. Mo rò pé mo ti rí òpùrọ́ tí ọ̀gá mi ní kí n wá. Ohun tó wá yà mí lẹ́nu ni pé inú mi kò dùn rárá.

Ní nǹkan bí ago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, òjò ńlá kan rọ̀. Ó rọ̀ tó ìṣẹ́jú ogójì, ó dá. Ìyá mi dé láti ọjà, ó ní kò bójú mu pé mo lọ sọ́dọ̀ Alfa lọ́wọ́ òfìfo láàárọ̀, ó wé ọṣẹ dúdú sínú ewé, ó ní kí n gbé e lọ fún un. Bí mo ṣe débẹ̀, oòrùn ti fẹ́ wọ̀. Wọ́n ní Alfa wà lẹ́yìnkùlé. Ibẹ̀ ni mo ti bá a, ó lóṣòó ti agolo, ó gbé gíláàsì náà sókè sí ojú ọ̀run, ó ń fojú wọn ìlà.

"Mẹ́tàdínlógún," ó sọ fún ara rẹ̀. Ó da omi náà nù, ó nu gíláàsì, ó kọ ọ́ sínú ìwé. Nígbà náà ló rí mi.

"Alfa, ìrọ̀lẹ́ lẹ máa ń wọ̀n ọ́n ni?"

"Ìgbà wo ni ọjọ́ ń parí?" ó bi mí. "Bí oòrùn bá ti wọ̀, ọjọ́ Àtàláátà ti lọ nìyẹn, a ti bọ́ sí Àlàrùbá. Ọjọ́ tó bá parí là ń ṣírò."

"Ṣùgbọ́n ìwé tí ọ́fíìsì fún yín sọ pé ago mẹ́sàn-án àárọ̀ ni, sà."

"Mo kà á. Ó rú mi lójú." Ó tọ́ka sí ilẹ̀ tútù tó wà lẹ́sẹ̀ wa. "Òjò tó rọ̀ yìí, ọjọ́ wo ló rọ̀?"

"Òní, sà. Túsìdeè."

"Ó dára. Bí mo bá dúró di ago mẹ́sàn-án ọ̀la kí n tó wọ̀n ọ́n, ìwé yín ní kí n kọ ọ́ síwájú Àlàrùbá. Ọmọ mi, òjò tó pa aṣọ mi lórí okùn lónìí, ṣé kí n wá fọwọ́ ara mi kọ ọ́ pé ọ̀la ló rọ̀?"

Mo dúró síbẹ̀, mo ń fi ìka ọwọ́ ṣírò. Bí òjò bá rọ̀ lọ́sàn-án Túsìdeè, Alfa á wọ̀n ọ́n ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, á sì kọ ọ́ sí Túsìdeè. Ògbómọ̀ṣọ́ á wọn tiwọn láàárọ̀ ọjọ́ kejì, wọ́n á kọ ọ́ sí Wẹ́sìdeè. Ṣùgbọ́n bí ó bá rọ̀ lóru Túsìdeè, Ògbómọ̀ṣọ́ á kọ ọ́ sí Wẹ́sìdeè, Alfa náà á kọ ọ́ sí Wẹ́sìdeè. Ìdí nìyẹn tí ìwé méjèèjì fi ń bára mu nígbà kan, tí wọn kì í bára mu nígbà mìíràn. Ó yé mi fún ìṣẹ́jú kan, ó tún dàrú mọ́ mi lọ́wọ́, mo tún bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀.

Lẹ́gbẹ̀ẹ́ nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan nínú ìwé rẹ̀, ó kọ nǹkan kéékèèké kan ní lẹ́tà Lárúbáwá. Mo bi í pé kí ni.

"Àkókò ìrun tí òjò náà bẹ̀rẹ̀ ni. Èyí rọ̀ láàárín Àyìlà àti Alásárì. Èyí rọ̀ lẹ́yìn Ìṣáì. Èyí rọ̀ kí a tó kí Àsùbáà. Mi ò kọ ìyẹn sínú èyí tí mo ń fi ránṣẹ́, torí pé wọn kò béèrè."

Mo kó ọṣẹ fún un, ó ṣàdúrà fún ìyá mi, ó lọ ṣe àlùwàlá. Ní alẹ́ yẹn mo fa igi wúùrù pa ohun tí mo kọ láàárọ̀. Ọkùnrin yìí kò tẹ̀ lé òfin wa, kò sì purọ́ rí. Àpótí wo ni ìyẹn wọ̀?

Mo wọ pijó lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́ ní ọjọ́ Fúráìdè. Ẹni tó ń wọn òjò níbẹ̀ jẹ́ obìnrin tó ti fẹ̀yìn tì nídìí iṣẹ́ agbẹ̀bí. Ọsibítù ìjọ Onítẹ̀bọmi ló ti kọ́ṣẹ́, lọ́wọ́ àwọn òyìnbó Amẹ́ríkà, gbogbo àdúgbò sì ń pè é ní Ìyá Nọ́ọ̀sì. Ilé rẹ̀ wà ní òpópó kan tó já sí Takie. Ó gbà mí sílé, ó fún mi ní omi, ó sì ní kí n sùn ní yàrá àlejò. Láàárọ̀ Sátidé, nígbà tí ago mẹ́sàn-án ku ìṣẹ́jú kan, ó fi aago kékeré tí wọ́n máa ń fi pín-ìnnì kọ́ àyà aṣọ nọ́ọ̀sì wo àkókò, ó jáde, ó sì wọn òjò. Bí ago ṣe lù ló ń da omi. Ó kọ ọ́ sínú ìwé ní kíkọ tó rẹwà bíi ti ìwé orin. Mo sọ fún ara mi pé, ẹni tó ń tẹ̀ lé òfin nìyí.

Mo wá ní ìgboyà, mo béèrè. "Ẹ jọ̀ọ́ mà, òjò Sọ́ńdè ńkọ́?"

"Ọjọ́ Olúwa ni," ó ní. "Mi ò kì í ṣiṣẹ́ ọjọ́ Olúwa. Nígbà tí mo wà lẹ́nu iṣẹ́, mo máa ń gbẹ̀bí ní Sọ́ńdè nítorí ọmọ kì í dúró. Omi máa ń dúró. Ó máa wà nínú ìgò di ọjọ́ Mọ́ńdè."

"Kí ló wá dé tẹ́ ẹ kọ òdo sí i mà? Òdo túmọ̀ sí pé òjò kò rọ̀."

Ó wò mí bí ẹni pé mo sọ èdè mìíràn. "Ìwé yín ló ní ẹ kò fẹ́ àyè òfìfo kankan. Mélòó ni mo wọ̀n ní Sọ́ńdè? Mi ò wọn nǹkan kan. Òdo ni."

Òun náà tún ti sọ òótọ́. Mo ṣí àpò mi láti yọ ìwé kékeré mi, ìwé ọ̀gá mi sì bọ́ sílẹ̀ láàárín wa. Kí n tó bẹ̀rẹ̀, ó ti mú un. Ó fi jígí sójú, ó kà á. Mo rí ojú rẹ̀ tó dúró sórí àpótí kejì.

"Kò ṣeé gbára lé," ó kà á jáde, díẹ̀díẹ̀. "Èmi?"

"Kì í ṣe ẹ̀yin mà. Ibùdó ni wọ́n ń sọ. Agolo ni."

"Agolo kì í kọ̀wé." Ó bọ́ jígí rẹ̀ kúrò lójú. "Ọmọ tí mo fi ọwọ́ yìí gbà ní Ògbómọ̀ṣọ́, wọ́n ti ń bímọ. Díákónì ni mí. Kò sí ẹni tó sọ fún mi rí pé n kò ṣeé gbára lé. Lọ sọ fún ọ̀gá yín kó wá gbé agolo rẹ̀."

Mo kúnlẹ̀. Mo bẹ̀ ẹ́ títí. Mo ní kò sí ẹni tó pè é ní òpùrọ́, bẹ́ẹ̀ mo mọ̀ pé ọ̀gá mi pè é. Mo ń ṣàlàyé pé èèyàn lè jẹ́ olóòótọ́ kí nọ́ńbà rẹ̀ má ṣeé lò, ọ̀rọ̀ náà kò sì dún dáadáa létí èmi fúnra mi. Ìyá Nọ́ọ̀sì wọlé, ó ń gbá ilẹ̀ tí kò dọ̀tí.

Aládùúgbò rẹ̀ ló gbà mí. Ìyá Mùsùlùmí kan ni, ó ń ra okùn ní Sábó, ó sì ń tà á ní Takie fún àwọn tó ń so ẹran. Ó gbọ́ ohùn wa láti ojúlé kejì, ó wọlé, a sọ ọ̀rọ̀ náà fún un.

"Ṣé gbogbo ohun tẹ́ ẹ ń bá ara yín jà lé nìyẹn?" ó ní. "Nọ́ọ̀sì, èmi ò kì í lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Mo máa bá ẹ wọ̀n ọ́n ní Sọ́ńdè."

"O ò mọ̀wé," Ìyá Nọ́ọ̀sì ké láti inú yàrá.

"Mo mọ òǹkà. Ìlà tí omi bá dé, iye ẹ̀ ni mo máa fi àgbàdo sínú agolo mílíìkì. Bí o bá ti ṣọ́ọ̀ṣì dé, ka àgbàdo náà."

Ìyá Nọ́ọ̀sì jáde, ó wo ilẹ̀ fún ìgbà pípẹ́ bí ẹni tó ń ka Òfin Mẹ́wàá lọ́kàn. Nígbà tó yá, ó ní bí ẹlòmíràn bá wọ̀n ọ́n fún ìfẹ́ inú ara rẹ̀, kì í ṣe òun ló ṣiṣẹ́. Ṣùgbọ́n ọjọ́ Mọ́ńdè lòun máa kọ ọ́ sínú ìwé. Mo fò mọ́ aládùúgbò náà. Mo fi bí wọ́n ṣe ń gbé ìgò jáde hàn án, mo fi bí wọ́n ṣe ń da omi sínú gíláàsì hàn án, mo kọ́ ọ ní bí wọ́n ṣe ń ka ìlà. Mo padà sí Ìbàdàn pẹ̀lú ìrètí pé mo ti yanjú ọ̀kan.

Ìwé oṣù méjì tó tẹ̀ lé e dé. Òjò ti ń rọ̀ ní Sọ́ńdè ní Ògbómọ̀ṣọ́. Inú mi dùn, mo gbé e han ọ̀gá mi. Nígbà tí mo jókòó wò ó dáadáa ni mo rí i pé gbogbo Sọ́ńdè tí òjò bá rọ̀, Mọ́ńdè rẹ̀ náà ní òjò, kì í sì í kéré sí ti Sọ́ńdè. Mẹ́wàá ní Sọ́ńdè, mẹ́wàá ní Mọ́ńdè. Mẹ́fà ní Sọ́ńdè, mẹ́sàn-án ní Mọ́ńdè. Kò sí ọ̀sẹ̀ kan tó yàtọ̀. Mo rò ó títí orí fi ń fọ́ mi. Ṣé Ìyá Nọ́ọ̀sì ń bínú ni, tó fi ń kọ nọ́ńbà tó wù ú láti gbẹ̀san? Ojú tì mí pé mo tilẹ̀ ro irú ẹ̀, síbẹ̀ mi ò lè yọ ọ́ kúrò lọ́kàn.

"Mo ti sọ fún ọ," ọ̀gá mi ní. "Ó ń purọ́."

Mo tún wọ mọ́tò. Mo dé ní Sátidé, òjò rọ̀ ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà. Láàárọ̀ Sọ́ńdè, Ìyá Nọ́ọ̀sì wọ funfun, ó gbé Bíbélì, ó lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì láì bojú wo agolo. Mo jókòó sí fèrèsé. Ní ago mẹ́sàn-án, aládùúgbò náà wọlé, ó ní kí n wo òun bóyá òun ń ṣe é dáadáa. Ó gbé ìgò jáde, ó da omi sínú gíláàsì, ó gbé e sí ọ̀gangan ojú rẹ̀, ó ka ìlà mẹ́jọ. Ó ju àgbàdo mẹ́jọ sínú agolo mílíìkì, ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó ń kà wọ́n sókè. Kò sí àṣìṣe kankan. Lẹ́yìn náà, ó rọra da omi náà padà sínú ìgò, kò jẹ́ kí ẹ̀kán kan ta sílẹ̀, ó gbé ìgò sínú agolo, ó gbé àrọ lé e.

Mo dìde níbi tí mo jókòó sí. "Mà, kí ló dé tẹ́ ẹ dà á padà?"

"Omi onílé ni," ó ní. "Onílé lọ ṣọ́ọ̀ṣì. Ṣé kí n wá máa da omi ẹni tí kò sí nílé nù?"

"Ṣùgbọ́n wọ́n á tún wọ̀n ọ́n lọ́la!"

"Ìyẹn ò kàn mí. Ìwọ lo ní kí n wọ̀n ọ́n. O gbé gíláàsì, o kọ́ mi ní ìlà kíkà. Ṣé o sọ fún mi pé kí n dà á nù?"

Mi ò sọ ọ́. Mo rántí ọjọ́ náà dáadáa. Inú mi ti dùn jù, mo ti sáré lọ sí ibùdókọ̀. Mo ti ń rìn kiri ìlú méjì láti oṣù mélòó kan, mo ń wá ẹni tó ń ba nọ́ńbà jẹ́. Nínú gbogbo wa, èmi nìkan ni mo ṣì lè sọ pé mo ba nǹkan kan jẹ́. Mo jókòó padà. Mi ò mọ̀ bóyá kí n rẹ́rìn-ín tàbí kí n sunkún, aládùúgbò náà sì ń bi mí bóyá ebi ń pa mí.

Nígbà tí Ìyá Nọ́ọ̀sì dé, mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un. Mo ń retí kó bú mi. Ó kàn gbé ìwé rẹ̀ jáde, ó ní ó ṣeé tún ṣe, kí wọ́n yọ ti Sọ́ńdè kúrò nínú ti Mọ́ńdè, ohun tó bá kù ni ti Mọ́ńdè. Ó ti mú pẹ́ńsù. Ó wá dúró, ó wo pẹ́ńsù náà, ó gbé e sílẹ̀.

"Lọ́la," ó ní.

"Ẹ jẹ́ kí n bá yín ṣe é mà."

"Lọ́la."

Mo sùn síbẹ̀ títí di Mọ́ńdè. Bí ó ṣe wọn òjò ọjọ́ náà tán, a jókòó tún gbogbo Mọ́ńdè oṣù méjèèjì ṣe, òun ń pe nọ́ńbà, èmi ń yọ ọ́. Lẹ́ẹ̀mejì ló mú mi níbi tí mo ti ṣì í. Kò tún sọ̀rọ̀ nípa ìwé ọ̀gá mi mọ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo fẹ́ lọ, ó kó ṣinkafa àti ata gbígbẹ fún ìyá mi, mo sì mọ̀ pé ó ti dárí jì mí.

Mo kọ ìwé tó gùn tó ojú ewé mọ́kànlá fún ọ̀gá mi. Mo ní Alfa kò tẹ̀ lé òfin, ṣùgbọ́n nítorí pé ó kọ àkókò òjò kọ̀ọ̀kan, a lè tún ọ̀pọ̀ nínú ọjọ́ rẹ̀ tò kó bá tiwa mu. Mo ní Ìyá Nọ́ọ̀sì tẹ̀ lé òfin dé ìṣẹ́jú, ṣùgbọ́n fún ọdún mẹ́ta, òjò ọjọ́ méjì ló pa pọ̀ sí gbogbo Mọ́ńdè, kò sì sí ẹni tó lè yà wọ́n mọ́. Mo ní oṣù méjì tó dàrú jù nínú ìwé Ògbómọ̀ṣọ́, ọwọ́ mi ló ti wá.

Ó ka ojú ewé mẹ́ta, ó pa á dé. "Ibo lo fa igi sí?"

"Mi ò tíì fà á, sà. Mi ò mọ ibi tí màá fà á sí."

Ó nu ojú rẹ̀. Òun náà ti lọ yẹ ibùdó kan wò lọ́sẹ̀ yẹn, ní ìlú mìíràn. Ìwé ibẹ̀ ló dára jù lọ ní ọ́fíìsì wa. Wọn kò fi ọjọ́ kan pẹ́ rí. Ó bá agolo náà ní ẹ̀gbẹ́ ògiri, òdòdó ló wà nínú rẹ̀, gbòǹgbò rẹ̀ ti kún un.

"Ní Ọ̀yọ́, ṣé agolo wà nínú ilẹ̀?"

"Ó wà, sà."

"Ní Ògbómọ̀ṣọ́ ńkọ́?"

"Ó wà, sà."

"Ṣé wọ́n ń da omi òjò sínú gíláàsì níṣojú rẹ?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà, ṣùgbọ́n..."

Ó ti fa igi sínú àpótí kìíní fún àwọn méjèèjì. Ó fi ojú ewé mọ́kànlá mi sínú fáìlì, ó ní kí n lọ jẹun. Ohun tí mo ti ń fẹ́ láti ọjọ́ yìí ló ṣe, síbẹ̀ ó dà bí ẹni pé kò tọ́, mi ò sì lè sọ ohun tí ìbá tọ́.

Ní ìparí oṣù yẹn mo lọ sí Ọ̀yọ́ láti bẹ Alfa pé kó máa wọ̀n ọ́n ní ago mẹ́sàn-án. Ó rò ó wò, ó ní òun á máa wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀mejì, láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́, òun á kọ méjèèjì, kí àwa tó wà ní Ìbàdàn máa rò ó pọ̀ bí ó bá ṣe wù wá. Mo gbìyànjú láti ṣàlàyé fún un bí a ṣe máa rò ó pọ̀, mo kó ti ìrọ̀lẹ́ àná mọ́ ti àárọ̀ ọ̀la, ó gba bírò lọ́wọ́ mi, ó sì fi hàn mí.

Ìgbà tó ṣe tán ló béèrè. "Kí ni wọ́n wá kọ nípa mi?"

"Wọ́n ní ẹ ṣeé gbára lé, sà."

"Ta ni wọ́n bi?"

"Èmi ni, sà."

"Kí ni ìwọ sọ?"

Mi ò lè purọ́ fún un. "Mo ní mi ò mọ̀, sà."

Ó mi orí, kò bínú. Ó ní ọ̀pọ̀ nǹkan wà tí òun náà kò mọ̀. Ó nawọ́ mú abẹ́rẹ́ àti fìlà tó ń rán, ó ní oúnjẹ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ jinná, kí n má tíì lọ. Mo dúró jẹun.